Áńgẹ́lì Tí Kò Wọ Bàtà

Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní Humble, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ pé láti inú oyún ni Ọláṣùmbọ̀ Adéògún ti ń ríran. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó rí ohun kan ṣoṣo tó rí láyé rẹ̀, ojú lásán ló sì fi rí i. Ní Ìkirè ni. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi pákó bò, orí pákó yìí sì ni àwọn ọmọ ilé máa ń jókòó sí ta ayò. Lọ́jọ́ kan, ó pariwo pé kí gbogbo wọn dìde, òun rí ewu. Wọ́n yí pákó náà padà, wọ́n rí i pé inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ilé àdúrà tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, wọ́n ní ẹ̀mí ti bà lé ọmọ Adéògún. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló rí gan-an. Ká ní wọ́n bi í ni, ì bá sọ pé ikán ni òun rí tó ń tò wọ ẹ̀gbẹ́ pákó náà. Ẹni tó rí ikán lára pákó, tó sì ní pákó ti jẹrà, kò ríran. Ó ronú ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé àga fún ẹni tó ronú nínú ilé àdúrà. Aríran ni wọ́n ń gbé àga fún.

Àga yẹn gan-an ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà tí Ọláṣùmbọ̀ dé Houston, òkìkí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Wòlíì Babáwálé, alákòóso ìjọ náà, gbé àga kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì sí apá òsì pẹpẹ, ó ní, "Màmá, ibi tiyín nìyí." Láti ọjọ́ náà ló ti di Ìyá Aríran. Bó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀. Bó bá sín, wọ́n á béèrè ìtumọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn arúgbó ló ń wẹ̀ fún, ó ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ibùsùn, àwọn ọmọ wọn sì ń pè é ní "Miss Ola" bí ẹni pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ má gbàgbé èyí nígbà tí ẹ bá ń bá a wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́ kí ẹ bá a wí. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń kà á sí ènìyàn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò rí nǹkan kan. Kò rí nǹkan kan lọ́dún tó dé, kò sì rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á di ojú, á mi orí, á ní òun rí omi. Omi! Ní Houston! Ìlú tí òjò ọ̀sán kan lè sọ ọ̀nà márosẹ̀ di odò, tí àwọn ènìyàn á fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí afárá, tí wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹni tó bá rí omi níbẹ̀, kí ló rí? Síbẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín.

Àmín náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Èyítáyọ̀ kó wá láti Atlanta. Ìran tirẹ̀ ní nọ́ńbà nínú. Ó rí nọ́ńbà ilé, ó rí nọ́ńbà ọkọ̀, ó rí àwọ̀ tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn. Pé nọ́ńbà ọ̀hún kì í bá ti ẹnikẹ́ni mu kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n ní ti ọjọ́ iwájú ni. Bísọ́lá, ìyá Ẹ̀bùn, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn, ló sọ ọ́ jáde lẹ́yìn ìsìn kan, bí wọ́n ti ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Aríran, ẹ jọ̀ọ́ o, omi yìí náà lẹ rí fún wa lọ́dún tó kọjá."

"Omi yẹn kò tíì gbẹ ni, Ìyá Ẹ̀bùn."

"Ó yẹ kó ti gbẹ o! Èyítáyọ̀ rí nọ́ńbà ọkọ̀ fún wa lónìí. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú. Bàbá alákòóso ti ń sọ pé àga aríran kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Mo ní kí n tètè sọ fún yín ni, kó má lọ jẹ́ pé ìta lẹ ti máa gbọ́."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọláṣùmbọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàtà ẹni ẹlẹ́ni ló wọ̀ délé.

Ní Katy ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lọ́dọ̀ arúgbó òyìnbó kan tó ń jẹ́ Francis. Láti Humble dé Katy, odindi ìlú ni ènìyàn máa là kọjá, nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, kó tó dé ìdí agbada ẹyin tí yóò dín fún un. Mista Francis ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ẹnjiníà ní ilé ìfọpo kan ní Deer Park. Ó mọ ìṣirò dáadáa. Ìṣirò kò sì dí i lọ́wọ́ láti máa fa káàdì kan yọ láràárọ̀ pẹ̀lú kọfí rẹ̀, kó lè mọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló ni káàdì ọ̀hún. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìwé kíkà máa ń wo agọ̀ sàn, kó lọ jókòó ti Mista Francis ní ìdájí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Bísọ́lá, ó fa ọ̀kan yọ, ó wò ó, ó wo Ọláṣùmbọ̀.

"Miss Ola, tìrẹ nìyí. Ìkòkò òfìfo. Ó ní ẹnì kan wà nítòsí tó ń gbé ohun tó ṣófo kiri, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má lọ yẹ inú rẹ̀ wò."

Ife kọfí ṣì wà lọ́wọ́ Ọláṣùmbọ̀. "Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Káàdì ni."

Káàdì kò sọ nǹkan kan. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yẹn, títí kan ilé ajá, ẹ ó rí ẹni tí yóò di àyà mú. Ta ni kò gbé nǹkan òfìfo kiri láyé? Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé ẹ̀rù bọ̀ láti ilé, kò ṣòro láti dẹ́rù bà. Ọláṣùmbọ̀ gbé ife sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè.

"Sà, níbo ni wọ́n ti ń ta irú èyí?"

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní àdúgbò Montrose, ó fara ti ilé kan tí wọ́n ti ń fín ara. Ọláṣùmbọ̀ wọ awò ojú dúdú, ó fi ìborùn bo orí títí dé ìpéǹpéjú, àfi bí ẹni pé àwọn ará Humble kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa ṣọ́ ọ ní Montrose. Bó ti ṣí ilẹ̀kùn, òórùn tùràrí pàdé rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lójú tirẹ̀, ibi tí tùràrí bá ti ń rú, ilé Ọlọ́run kò jìnnà síbẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Tùràrí kò mọ ẹni tó ń sun ún.

Ọmọbìnrin kan ló ń tajà níbẹ̀. Jordan ni orúkọ tó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Ó fi òrùka sí imú, irun rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó tì í bọ ìkòkò aró. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ sọ.

"Ẹ káàbọ̀, ma'am. Ṣé ti ara yín lẹ fẹ́ rà, àbí ẹ fẹ́ fi ta ẹnì kan lọ́rẹ?"

"Ọmọ mi obìnrin ló rán mi." Kò bí ọmọ obìnrin kankan.

"Ó dára. Ṣé tarot ló fẹ́, àbí oracle?"

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọmọbìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe yẹ ní mímọ̀ lọ. Ó ní, "Tarot ní òfin. Méjìdínlọ́gọ́rin ni káàdì rẹ̀, ẹni yòówù kó yà á. Méjìlélógún jẹ́ àwòrán ńlá, ìyókù pín sí ìdílé mẹ́rin: ife, idà, ọ̀pá, owó ẹyọ. Ẹ ní láti kọ́ ọ, ó sì ń pẹ́. Oracle kò ní òfin kankan. Ẹni tó ṣe é ló mọ iye tó fẹ́, òun náà ló sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára."

"Ìyẹn ni pé oracle ló rọrùn."

"Ìyẹn ni pé oracle ń bá yín sọ̀rọ̀ tààrà."

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ nípa bíbéèrè èyí tó rọrùn, ó ti sọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí òun jẹ́. Síbẹ̀, Jordan ní sùúrù, ó kọ́kọ́ ṣí tarot àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un. Èyí tó bọ́ sókè jẹ́ ọkùnrin kan tó da ojú bolẹ̀, idà mẹ́wàá sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí igi ọgbà.

"Idà mẹ́wàá lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo? Kí ló ṣe fún wọn?"

"Ó túmọ̀ sí pé ìṣòro kan ti dópin, ma'am."

"Òun fúnra rẹ̀ ló dópin, ọmọ mi."

Jordan yára ṣí òmíràn. Egungun kan gun ẹṣin lórí ìyẹn. "Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe ikú. Ìyípadà ló túmọ̀ sí."

"Bí kì í bá ṣe ikú, kí ló dé tí wọ́n kọ Ikú sí abẹ́ rẹ̀?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání tí Ọláṣùmbọ̀ béèrè lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ká ní ó gbé ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ tó sì yí padà sílé, èmi ì bá má ní nǹkan kan láti kọ.

Kò yí padà. Wọ́n lọ sídìí pẹpẹ ọjà. Gbogbo ohun tó ń mí láyé ni wọ́n ti yà sórí káàdì. Ti ológbò wà, tí Sàtánì fúnra rẹ̀ jẹ́ ológbò tó hu ìwo. Ti olú wà, olú lásán, olú tí a fi ń se ọbẹ̀, wọ́n ní ó mọ ọjọ́ iwájú. Òmíràn jẹ́ ti ewé tíì. Jordan fetí sí ohùn Ọláṣùmbọ̀, ó wòye pé ará Áfíríkà ni, inú rẹ̀ sì dùn láti gbé àpótí kan wá tí wọ́n ya àwọn òrìṣà sí. Ọ̀ṣun ló wà lókè, nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ó ń fi gíláàsì mu omi èso. Ṣàngó tẹ̀lé e, àáké tí wọ́n fi ń la igi ìdáná ló gbé dání. Ẹni tó yà á kò mọ oṣé, kò sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ọláṣùmbọ̀ fò sẹ́yìn. "Gbé e kúrò níwájú mi! Onígbàgbọ́ ni mí."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí onígbàgbọ́ dúró sí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

"Ha, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," Jordan wí, ó sì na ọwọ́ sókè, ó gbé àpótí kan tó funfun bí èèpo ẹyin sílẹ̀. "Ẹ mú un lọ́wọ́. Ṣé ọwọ́ yín ká a? Ẹ wo àwòrán rẹ̀ láì ka ìwé tó bá a wá. Bí kò bá sọ nǹkan kan fún yín, ẹ gbé e padà. Àwọn kan gbà pé káàdì ló máa ń yan ènìyàn."

Ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn yìí dára, bí ènìyàn bá máa ra bàtà tàbí ọ̀bẹ. Ìparí rẹ̀ ni kò dára. Káàdì kì í yan ènìyàn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ọ̀rá ni wọ́n fi dì í, inú ọkọ̀ ojú omi kan náà tó kó ìgbálẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ wá ló sì bá dé èbúté Houston.

Ọláṣùmbọ̀ kò gbọ́ ìyẹn. Ó ti ṣí àpótí náà, ojú rẹ̀ sì ti là. Áńgẹ́lì ló wà níbẹ̀, káàdì kan tẹ̀lé òmíràn. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Àmùrè wà ní ìbàdí wọn. Ọ̀kan mú àbẹ́là dání. Ó tẹ káàdì náà mọ́ ojú, ó wo ìsàlẹ̀.

"Wọ́n bọ́ bàtà," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ ní kí ni, ma'am?"

"Wọn ò wọ bàtà. Gbogbo wọn. Ará wa ni wọ́n."

Bí obìnrin tó ti ju ọmọ àádọ́ta ọdún lọ ṣe yan káàdì àfọ̀ṣẹ nìyẹn. Sùtánà ló rí. Ó rò pé àwọn áńgẹ́lì náà mọ òfin ilé àdúrà, pé wọ́n bọ́ bàtà nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni wọ́n dúró sí. Ayàwòrán kan ní ibì kan ló rí i pé bàtà ṣòro láti yà. Onígbàgbọ́ tó ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń wọ bàtà kò lè ṣi káàdì yan lọ́nà yìí. Àwa nìkan la lè ṣe é.

Ó kó káàdì náà sínú àpò Bíbélì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi síìpù dé. Bíbélì àti káàdì kò gba inú rẹ̀ pọ̀. Bíbélì ló dúró sílé.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìjọ tí àwọn ènìyàn ti ń wá gba iṣẹ́ Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọlé á kúnlẹ̀, á kọjú sí àbẹ́là, á di ojú. Nígbà tí ojú bá ti dì, Ọláṣùmbọ̀ á fa síìpù, á fa káàdì, á ka ohun tí wọ́n kọ sí i, á sì yí i sí Yorùbá. "Ilẹ̀kùn kan ń ṣí níwájú rẹ." Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi sọ. Ní Houston, ta ni kò dúró níwájú ilẹ̀kùn kan? Ẹni tó ń retí ìwé ìgbélùú ní tòun ni. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ní tòun ni. Obìnrin kan tí ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀ ti há tipẹ́ jáde síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé ó ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n kọrin sí i. Nọ́ńbà Èyítáyọ̀ kò tà mọ́, wọ́n sì fi tìmùtìmù tuntun sórí àga Ìyá Aríran.

Inú ayọ̀ yìí ni Bísọ́lá mú ọmọ rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Houston ni wọ́n bí Ẹ̀bùn sí. Ó ń ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ kan láàárín ìlú, ó ń gbọ́ Yorùbá, pàápàá èébú, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ láì fi Gẹ̀ẹ́sì lú u. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó fẹ́ Zion, ọmọ Wòlíì Babáwálé. Zion kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dà bíi búrẹ́dì tí wọn kò fi iyọ̀ sí ni. Ohun tí Bísọ́lá ń wò kì í sì ṣe Zion. Àna alákòóso ló fẹ́ jẹ́. Ọláṣùmbọ̀ mọ gbogbo èyí. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá àti ọmọ kúnlẹ̀. Síìpù dún. Áńgẹ́lì kan tó dúró sínú ọkọ̀ ojú omi ló jáde.

"Ọkọ̀ ti dé èbúté," Ọláṣùmbọ̀ wí, ó ń gbọ̀n ohùn. "Má gbọ̀n mọ́. Wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà mọ ọ̀nà." Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Ó gbọ́ bí Bísọ́lá ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mímí ẹni tí ebi ń pa, ó sì fi ti ara rẹ̀ kún un. "Mo rí atukọ̀ náà. Ọmọ wòlíì ni. Zion ni mo rí."

"Halleluyah!" Bísọ́lá fò sókè. "Ẹ̀bùn, o gbọ́? O gbọ́ pẹ̀lú etí ara ẹ?"

Ẹ̀bùn ti la ojú láti ìgbà tí ó ti gbọ́ "ọkọ̀." Àpò Bíbélì ló ń wò.

Níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ló ti dá Ọláṣùmbọ̀ dúró lẹ́yìn ìsìn, nínú oòrùn.

"Mommy Aríran, good afternoon ma. Ẹ má bínú o. Message yẹn, mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀mí ló sọ ọ́, ọmọ mi."

"No, ma. Roommate mi ní i. Àwọn angel tí wọn ò wọ shoe. A máa ń pull ọ̀kan tí a ò bá mọ ibi tí a ti fẹ́ jẹun. The day we got the boat, ẹja la lọ jẹ."

Ọláṣùmbọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí.

"And there's no Zion on that card, ma," Ẹ̀bùn wí. Kò pariwo. "Níbo lẹ ti rí Zion?"

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Káàdì ní àbùkù tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe káàdì ló dárúkọ ọkùnrin fún ọmọ ọlọ́mọ.

"Ṣé o máa sọ fún ìyá ẹ?"

"Tí mo bá sọ, wọ́n á ní èmi ni mo lọ ra tarot. Ma, mommy mi ti sọ fún Bàbá alákòóso. Wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ next Sunday, níwájú gbogbo church. Tí ẹ bá sọ ọ́ níbẹ̀, ó ti parí fún mi. Mi ò lè bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà."

"Àga mi ńkọ́?" Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ẹ̀bùn wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló sọ. "Chair wo, ma?"

Ọláṣùmbọ̀ wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà kò dára fún un. Bó bá sọ pé irọ́ ni, Èyítáyọ̀ á jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀ kí ó tó tutù, òun á sì di Miss Ola láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú. Bó bá tún un sọ, ọmọ náà wọ ọkọ̀ nìyẹn. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ẹ ó rò pé yóò gbàdúrà. Káàdì ló fà. Áńgẹ́lì kan tó sùn sábẹ́ igi ló jáde. Ó ní kó sinmi. Ọláṣùmbọ̀ sọ káàdì náà mọ́ ògiri, ó gbé gbogbo rẹ̀ padà lọ sí Montrose. Jordan ní àwọn kì í gba èyí tí wọ́n bá ti ṣí, pé káàdì náà ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Kò mọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, òfin ọjà lásán ni, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ lásán kalẹ̀ láì wọ aṣọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú pé. Wòlíì Babáwálé dúró níwájú pẹpẹ, Zion ní ọ̀tún rẹ̀, Ẹ̀bùn ní òsì, Bísọ́lá lẹ́yìn wọn nínú sùtánà tí wọ́n lọ̀ tó dúró gbagidi. Èyítáyọ̀ na ọrùn láti ìjókòó kejì.

"Ìyá Aríran, ẹ dìde. Ẹ sọ fún ìjọ Ọlọ́run ohun tí ẹ rí."

Ọláṣùmbọ̀ dìde. Ó di ojú bó ti máa ń ṣe, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì la ojú padà.

"Mi ò rí nǹkan kan."

Wòlíì Babáwálé gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́! Kò rí nǹkan kan! Kò sí ìdènà! Kò sí ọ̀tá lójú ọ̀nà! Ẹ yin Ọlọ́run!"

"Halleluyah!" ni ìjọ dáhùn. Agogo dún. Obìnrin kan ti ń jó bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyí. Ọdún gbogbo tó fi purọ́, wọ́n gbà á gbọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó sọ òtítọ́, wọ́n túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́!" Ọláṣùmbọ̀ kígbe. "Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi túmọ̀ rẹ̀. Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mi ò rí ọkọ̀, mi ò rí Zion. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì rí nǹkan kan. Àfi ohun tí ojú ara mi rí báyìí. Ọmọbìnrin yìí kò fẹ́. Ẹ wo ojú ẹ̀!"

Gbogbo ilé yíjú. Ẹ̀bùn dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà eyín. Afọ́jú á rí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé aríran náà tó wò ó.

"Irọ́ ni!" Bísọ́lá ti gbáná. "Ẹ rí i fún mi! Èmi àti ẹ̀yin àti Ọlọ́run la jọ wà nínú yàrá yẹn!"

"Ìyá Ẹ̀bùn, èmi àti ìwọ àti ọmọ rẹ nìkan la wà níbẹ̀. Ohun tó o fẹ́ gbọ́ ni mo sọ."

"Daddy," Zion wí láti ẹ̀gbẹ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "èmi náà ò fẹ́ o."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iyọ̀ kán sínú búrẹ́dì yẹn.

Ọláṣùmbọ̀ tú àmùrè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tìmùtìmù, ó sì rìn lọ sẹ́yìn, ó jókòó láàárín àwọn ìyálọ́mọ. Ẹ má yìn ín jù. Kò dárúkọ káàdì, kò sì tíì dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀bùn náà kò sọ ọ́. Kí òórùn tùràrí ọjọ́ náà tó lọ tán, Èyítáyọ̀ ti wà lórí àga, ó ti rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bísọ́lá kò kí Ọláṣùmbọ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún un mọ́ níbi tó jókòó sí. Ó ń kọrin pẹ̀lú àwọn yòókù, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀.

Ní Katy, ó ṣì ń dín ẹyin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń gbá ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó tú ká sórí àtẹ̀gùn onípákó tí Mista Francis máa ń gbà sọ̀kalẹ̀ sọ́gbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ pákó náà. Ìka rẹ̀ wọlé.

"Papa Francis, ẹ má gba ẹ̀yìn jáde mọ́. Ikán ti jẹ àtẹ̀gùn yín tán. Ó máa gbé yín ṣubú."

Ẹnu ya arúgbó náà. "Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o ríran ni?"

"Ikán ni, sà. Mo rí ikán."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n máa sọ," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí káàdì ìyàwó rẹ̀ lórí tábìlì.

Ọláṣùmbọ̀ gbé ife kọfí gbígbóná rẹ̀ lé orí káàdì náà gírí, ó sì fi fóònù pe káfíńtà.